Òṣùwọ̀n Ni Dígí Iṣẹ́

Ọ̀lẹ nìkan kọ́ ni ọ̀tá iṣẹ́. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó tó ọ̀lẹ: ẹni tí ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí ó ń sùn lórí àga, tí ó sì ń wo oòrùn bóyá àkókò àtilọ sílé ti tó, kò ṣòro láti mọ̀, kò sì ṣòro láti bá wí. Ọ̀tá kejì ni ó ṣòro láti rí, nítorí pé inú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kára gan-an ni ó máa ń fi ṣe ilé. Orúkọ rẹ̀ ni ìtẹ́ra-ẹni-lọ́rùn. Òun ni í máa sọ fún òṣìṣẹ́ pé ó ti mọ iṣẹ́ náà tán, pé bí ó ti ṣe é lánàá ni kí ó ṣe é lónìí àti lọ́la. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ kò ní káwọ́ gbera. Yóò máa ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, àárẹ̀ yóò mú un, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí bá àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ wí ju ẹnikẹ́ni lọ: dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, agbẹjọ́rò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìdí ni pé àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún kò mọ iṣẹ́ náà tó láti dá wọn lẹ́jọ́. Aláìsàn kò lè yẹ ọwọ́ dókítà wò, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè díwọ̀n ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò kọ́ ọ. Nítorí náà, bí àwọn oníṣẹ́ kan bá ń fi ara wọn wé ara wọn nìkan, ohun tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn ni yóò di ohun tí ó tọ́ lójú wọn. Ọ̀nà wo ni irú wọn lè gbà jí? Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá ilẹ̀ Èkìtì, ní ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí ó dáhùn ìbéèrè yìí.

Ìgèdè-Èkìtì, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, wà lójú ọ̀nà tí ó ti Adó-Èkìtì jáde lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà náà yóò kọjá ní Ìyìn kí ó tó dé Ìgèdè. Bí ó bá sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, yóò kan Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kí ó tó wọ Iléṣà. Ní Ìgèdè, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Nàìjíríà yòókù, bí ìyá bá gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé, káàdì kan ń bẹ tí yóò mú dání. Nọ́ọ̀sì yóò gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n, yóò sì fi àmì sí orí káàdì láti fi bí ó ti wúwo tó ní oṣù náà hàn. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ̀ pé apá ibí yìí gan-an ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ kí ó tó tàn ká ayé.

Láàrin ọdún 1950 sí 1960, ikú ọmọdé kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Éèyi, ibà, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà, ikọ́ líle àti àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ni wọ́n ń pa wọ́n. Àwọn orúkọ tí òbí ń sọ ọmọ láti ìgbà láéláé jẹ́rìí sí i: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòkúmọ́, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Bí ìyá kan bá bí ọmọ mẹ́fà, tí mẹ́ta sì kú, àwọn aládùúgbò a bá a kẹ́dùn, wọn a ní àbíkú ni àwọn ọmọ náà, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ohun tí ojú ti rí títí kì í pa ojú lẹ́kún mọ́.

Ní àkókò yìí, ilé ìwòsàn kan tí ó lórúkọ wà ní Iléṣà, èyí ni Wesley Guild, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣófo. Àwọn aláìsàn a máa tò láti òwúrọ̀; èyí tí ó bá sàn nínú wọn a máa dúpẹ́; àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa lọ sílé pẹ̀lú àárẹ̀ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rere. Bí ènìyàn bá bi ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léèrè bóyá iṣẹ́ wọn dára, ìwé àwọn tí wọ́n wò sàn ni wọn yóò nawọ́ sí. Kò sí irọ́ nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tí ó wá nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó kú sí ilé, tí a sì sin sí ẹ̀yìnkùlé kí ìyá rẹ̀ tó rí owó ọkọ̀, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley, dé sí ilé ìwòsàn náà. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró de àwọn tí yóò wá nìkan. Wọ́n lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì nínú ìtàn ogun Kírìjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà tí a bí wọn. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ àìsàn tí ó ń ṣe wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ ikú tí ó bá ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó fà á sílẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni ìwé ṣe wà fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti àwọn tí ó wá sí ilé ìwòsàn nìkan, bí kò ṣe ti gbogbo ọmọ, àti èyí tí ó wá àti èyí tí kò wá.

Ohun tí ìwé yìí fi hàn yàtọ̀ sí ohun tí àwọn oníṣègùn ti gbà tẹ́lẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ éèyi. Ní ilẹ̀ Òyìnbó ìgbà náà, àìsàn tí ọmọ máa ń là kọjá ni wọ́n ka éèyi sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé tí àwọn dókítà fi kẹ́kọ̀ọ́. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà, àwọn tí ó ń pa àwọn ọmọdé ni éèyi wà nínú wọn, èyí tí kò sì pa á máa ń fi ọmọ sílẹ̀ ní ègbọrọ egungun. Èkejì ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọmọ a máa dàgbà dáadáa ní oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́ tí ó ń mu ọmú. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí oṣù kẹfà, nígbà tí ọmú nìkan kò tó o mọ́, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ mímu lásán ni wọ́n fi ń kún un, ìwọ̀n rẹ̀ a dúró sójú kan. Ọmọ náà kò tíì ṣàìsàn, kò sunkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ kò sì rí ìdí tí yóò fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí di aláìlágbára, àìsàn àkọ́kọ́ tí ó bá sì dé lè gbé e lọ.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà nìyí. Ojú nìkan kò lè rí irú ewu bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ni ojú náà mọ iṣẹ́ tó. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò bá tín-ínrín, ìrísí ọmọ tín-ínrín ni yóò di ìrísí ọmọ lójú nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ náà, kì í sì ṣe pé ọ̀lẹ ni í. Ohun tí ó rí lánàá ni ó fi ń wọn ohun tí ó ń rí lónìí. Àfi bí ohun kan bá wá láti òde, tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, tí àṣà kò sì lè bá dọ́rẹ̀ẹ́, kí ó tó lè mọ̀ pé òun ti ń ṣìnà. Ohun náà ni òṣùwọ̀n.

Káàdì tí Morley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lò rọrùn púpọ̀. Wọ́n to àwọn oṣù láti ìgbà ìbí títí dé ọdún karùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà méjì ni wọ́n fà láti fi ọ̀nà tí ọmọ tí ó ń dàgbà dáadáa yóò tọ̀ hàn. Ní oṣooṣù ni wọn yóò fi àmì kan sí i, wọn yóò sì fi ìlà so ó pọ̀ mọ́ ti oṣù tí ó kọjá. Bí ìlà náà bá ń gòkè, àlàáfíà ni. Bí ó bá tẹ́jú tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ewu ń bọ̀. Àyè tún wà lórí káàdì tí wọn yóò kọ ìdí tí ọmọ kan fi yẹ fún ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀ sí. Wọ́n kì í sì í fi káàdì pamọ́ sí ilé ìwòsàn. Inú àpò ọ̀rá ni wọn máa ń fi sí, wọn a sì kó o fún ìyá.

Káàdì yìí mú kí ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ṣáájú rẹ̀, bí dókítà bá ní ọmọ kan ń ṣe dáadáa, ta ni yóò já a níyàn? Ṣùgbọ́n ìlà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún oyè. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè tọ́ka sí i níwájú ọ̀gá rẹ̀ láìṣe àfojúdi. Ìyá tí kò mọ̀wé lè rí i pé ìlà ọmọ òun kò lọ sókè bíi ti oṣù tó kọjá, kí ó sì béèrè ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn, láti orí dókítà títí dé orí ìyá ọmọ, ṣe di ẹlẹ́rìí iṣẹ́ náà.

Ètò iṣẹ́ pàápàá yí padà. Wọn kò pín ọjọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn le àti ọjọ́ àwọn tí ń ṣàìsàn níyà. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n ti ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ti ń tọ́jú èyí tí kò lera. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ti kà sí ti dókítà nìkan tẹ́lẹ̀, dókítà sì di olùkọ́ wọn àti ẹni tí wọ́n ń darí ìṣòro ńlá sí. Àwọn tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí rò pé kíkó àwọn ọlọ́gbọ́n wá láti òkèèrè nìkan ni a fi ń gbé ìwọ̀n iṣẹ́ ga. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, gbígbé ohun tí olúkúlùkù lè ṣe ga ni wọ́n fi ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Morley padà sí Ìlú Ọba ní ọdún 1961, ó sì ń kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ìlera àwọn ọmọdé. Ìgbà tí olórí bá lọ tán ni a ń mọ̀ bóyá ìwọ̀n iṣẹ́ ga ní tòótọ́ tàbí ìbẹ̀rù ọ̀gá ni ó gbé e ró. Iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé kò dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìlú náà wé Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Èkìtì tí ó wà nítòsí rẹ̀, tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ikú ọmọdé kéré ní Ìmẹ̀sí-Ilé ju ti ìlú kejì lọ. Irú káàdì náà sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Morley fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2009.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo oníṣẹ́ ni í gba òṣùwọ̀n tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 1847, ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, dókítà kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá tí ó ń bímọ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń kú ju àwọn tí ó ń bímọ lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí lọ. Ó rí i pé àwọn dókítà a máa ti ibi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò wá sọ́dọ̀ àwọn ìyá. Ó wá pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa fi omi tí a po oògùn kílórínì sí fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nǹkan bí 18 nínú 100 ìyá ni ó kú. Ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fọ ọwọ́, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 2 nínú 100. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò gbà. Ó ṣòro fún ẹni tí ó gbà pé ọwọ́ òun mọ́ láti gbọ́ pé ọwọ́ náà ni ó ń pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò wà ní apá kan. Semmelweis pẹ́ kí ó tó kọ ẹ̀rí rẹ̀ jáde lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, nígbà tí wọ́n sì takò ó, ó kọ ìwé ìbínú sí wọn, ó pè wọ́n ní apànìyàn. Ó kú ní ọdún 1865 kí ayé tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Òtítọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ di pàṣán. Bí òṣùwọ̀n bá di pàṣán, àwọn tí a fi ń nà yóò kọ́ bí a ti ń parọ́ fún un. Olùkọ́ tí ó mọ̀ pé wọn yóò dójú ti òun bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kùnà yóò fún gbogbo wọn ní máàkì. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ pé wọn yóò lé òun bí iye òkú bá pọ̀ yóò gbàgbé láti kà wọ́n. Nígbà náà, ìwé yóò dára, iṣẹ́ yóò sì bàjẹ́.

Ní ayé òde òní, Àjọ Ìlera Àgbáyé tọ ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ. Ní ọdún 2008, wọ́n gbé ìwé ìléwọ́ kan jáde fún àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ohun mọ́kàndínlógún ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà sókè kí wọ́n tó kun aláìsàn, kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, àti kí ó tó kúrò níbẹ̀. Ta ni aláìsàn yìí? Ibo ni a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí? Gbogbo irinṣẹ́ ha pé bí? Olúkúlùkù tí ó wà nínú yàrá náà yóò sì dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ ti ọmọdé lójú ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, ní ilẹ̀ olówó àti ti aláìní, èsì tí ó jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 15 nínú 1,000 sí 8. Àwọn dókítà náà kò kọ́ iṣẹ́ abẹ tuntun kankan. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà gbogbo, ẹni tí ó kéré jù nínú yàrá sì ti fọhùn lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kò ṣòro fún un láti fọhùn lẹ́ẹ̀kejì bí ó bá rí àṣìṣe.

Láti inú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀nà tí ibi iṣẹ́ èyíkéyìí lè gbà borí ìtẹ́ra-ẹni-lọ́rùn ti hàn, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn ní Ìgèdè tàbí ilé ẹ̀kọ́ ní Adó. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọn ka àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ń yangàn nípa àwọn tí ó yege gbọ́dọ̀ tún wá iye àwọn tí ó wọlé pẹ̀lú wọn tí kò dé ibi ìdánwò. Ilé ìtọ́jú aláboyún tí ó bá mọ iye ìyá tí ó bí sọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iye àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ tí kò padà wá.

Ohun kejì ni kí òṣùwọ̀n rọrùn, kí ó sì wà níbi tí gbogbo ojú lè tó o. Bí ó bá wà nínú àpótí ọ̀gá, ọ̀gá nìkan ni yóò jí, bí òun pàápàá bá jí. Ohun kẹta ni kí olórí kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní kí àwọn olùkọ́ máa wọ kíláàsì ara wọn láti kọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì tirẹ̀ ná. Ohun kẹrin ni kí wọn máa fi ohun tí wọ́n bá rí ṣe àtúnṣe iṣẹ́, kí wọn má ṣe fi dójú ti ènìyàn. Bí ìlà ọmọ kan bá ń sọ̀kalẹ̀, oúnjẹ ni ọmọ ń fẹ́; bíbú tí a bá bú ìyá rẹ̀ kò lè mú un sanra.

Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ohun búburú nínú ara rẹ̀. Ó tọ́ kí òṣìṣẹ́ máa yọ̀ nítorí ẹni tí ó wò sàn tàbí ẹni tí ó kọ́ tí ó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ di aṣọ tí a fi bo dígí lójú. Lónìí, bí ọmọ kan bá gun òṣùwọ̀n ní Ìgèdè, tí nọ́ọ̀sì rí i pé ìlà rẹ̀ kò gòkè mọ́, tí ó sì dá ìyá rẹ̀ dúró láti bi í ní ohun tí ọmọ ń jẹ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀mí kan ni ó gbà là yẹn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà nínú ewu. Kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí pé ọmọ tí kò kú kì í ní ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó dára jù lọ máa ń rí.